Àga Kẹ́hìndé, Kámẹ́rà Táyéwò

Bí ẹ bá béèrè Bàbá Fọ́tò ní Òmù-Àrán, wọ́n á júwe ṣọ́ọ̀bù kékeré kan fún yín lójú ọ̀nà tó lọ sí Èsìẹ́, èyí tí ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ ti ṣí tán. Táyéwò Awóyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í jáde láìgẹ fìlà rẹ̀ sí ọ̀tún. Iṣẹ́ fọ́tò ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Lónìí, ta ló tún ń wá oníṣẹ́ fọ́tò kiri? Ẹni tó ń ta ẹ̀pà ń ya fọ́tò, ẹni tó ń ra ẹ̀pà náà ń yà. Ọmọ ìkókó tí kò tíì mọ bàbá rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tiwọn kọ́ là ń sọ.

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó rẹ̀ wà ní Èkó. Nígbà tí Bọ́lánlé, àkọ́bí wọn, bímọ, ìyá di báàgì kan, ó ní òun ń lọ wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta náà ti di ọdún mẹ́fà, nítorí kí èyí tó já lẹ́nu ọmú, òmíràn á ti dé. Kì í ṣe pé wọ́n jà o. Wọ́n kàn fi bàbá ṣọ́ ilé ni. Ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin ló wà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Ìgbómìnà, tí wọ́n ń dá ọbẹ̀ sè, tí wọ́n ń dá a jẹ, tí wọ́n á sì máa sọ lórí fóònù pé ara àwọn le.

Ohun tí kò jẹ́ kí ilé náà gbé Táyéwò mì ni Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀. Táyéwò ló kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò, ẹni tó bá sì ránni níṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni Kẹ́hìndé ní Ìgbàjà, ibẹ̀ náà ló jókòó sí lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, wọn kò sì bímọ. Gbogbo Sátidé ló máa ń wọ mọ́tò wá sí Òmù-Àrán. Wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ bú ìjọba, wọ́n á sì jọ tòògbé nínú ṣọ́ọ̀bù títí oòrùn á fi rọ̀. Ojú wọn kò yàtọ̀ síra rárá, fìlà lèèyàn fi ń dá wọn mọ̀: Táyéwò ń gẹ tirẹ̀ sí ọ̀tún, Kẹ́hìndé ń gẹ tirẹ̀ sí òsì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá wọn fi òfin kan sílẹ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, díẹ̀ ló kù kí èéyi pa Kẹ́hìndé. Láti ìgbà náà ni ìyá ti ní kámẹ́rà kankan kò gbọdọ̀ rí ọ̀kan nínú wọn láìrí ìkejì. "Bí ẹ bá dá ọ̀kan yà," ló máa ń wí, "ẹ ti kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń rí ọ̀kan nìyẹn." Ẹ wá wo nǹkan: ọmọ tí wọ́n fi irú òfin yìí dè ló lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò! Ó ya gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n kò sí fọ́tò kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, sísọ́ọ̀sì ló fi ń gé e kúrò lára èyí tí òun àti Kẹ́hìndé jọ yà. Lọ́jọ́ tí ìjọba ní kí kálukú wá gba nọ́ńbà ìdánimọ̀, tí ẹ̀rọ wọn kì í ya ju orí kan lọ, Kẹ́hìndé lọ dúró tì í gbágbáágbá. Obìnrin tó ń ya fọ́tò ní, "Bàbá, ẹ sún, ẹ kò sí nínú fọ́tò yìí."

"Mo mọ̀," ni Kẹ́hìndé fi dá a lóhùn. "Mo kàn dúró tì í ni."

Láti ọdún 1979 tí Táyéwò ti gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Ìlọrin, gbogbo ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni àwọn méjèèjì ń ya fọ́tò kan. Kámẹ́rà kan náà ni wọ́n ń lò, kámẹ́rà kékeré oní-fíìmù tí ọ̀gá náà fi ta á lọ́rẹ, tó wúwo bí òkúta ọlọ. Bí ẹ bá yọjú wo ihò rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó wà níwájú yín á di méjì. Ẹ ó máa yí òrùka léǹsì títí méjèèjì á fi wọnú ara wọn, ìgbà náà lẹ ó tó tẹ̀ ẹ́. Àga onígi kan náà ni wọ́n ń lò pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n á jókòó, àbúrò á dúró tì í, á sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga, ẹni tó bá wà nítòsí á bá wọn tẹ kámẹ́rà. Lọ́dọọdún ni ìjà àga yìí ń ṣẹlẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé ayé," ni Táyéwò máa ń wí. "Dìde fún mi."

Kẹ́hìndé á tún na ẹsẹ̀ sí i. "Ìránṣẹ́ kì í jókòó kí ẹni tó rán an wà lóòró. Gbé àgbọ̀n rẹ sókè, jàre."

Bí fọ́tò bá jáde, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, Kẹ́hìndé á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìṣó ti ọdún tó ń bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Márùndínláàádọ́ta ni fọ́tò náà báyìí. Ìṣó kẹrìndínláàádọ́ta wà níbẹ̀, kò sí nǹkan lórí rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, Kẹ́hìndé sùn ní Ìgbàjà, kò jí. Táyéwò gbé kámẹ́rà kọ́rùn lọ síbi ìsìnkú náà bó ṣe máa ń gbé e lọ síbi gbogbo, ṣùgbọ́n kò ya ẹyọ kan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti da yẹ̀pẹ̀ sórí ìkejì rẹ̀, kámẹ́rà náà fì síwájú, ó gbá etí pósí. Ó gbọ́ ìró rẹ̀, kò tilẹ̀ wò ó. Ìgbà tó délé ló rí i pé léǹsì rẹ̀ ń mì bí eyín tó fẹ́ yọ. Ó gbé e sínú dúróọ̀, ó tì í, oṣù mẹ́wàá sì kọjá lórí rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́wàá náà, gbogbo Sátidé ló ń se oúnjẹ ẹni méjì, á wá máa jẹ ẹ́ títí di ọjọ́ Ajé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún yìí wọlé, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìṣó yẹn mọ́. Bí Àjíǹde bá kọjá láìsí fọ́tò, ìṣó tí Kẹ́hìndé kàn á wà lófo, á sì wá di òótọ́ pé Táyéwò nìkan ló kù. Ẹ̀rù ìyẹn bà á ju ẹ̀rù ikú tirẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan wà. Ọ̀gá rẹ̀ ní Ìlọrin, Bàbá Àbúdùlàhí, ló kọ́ ọ. Bí ìyá ìbejì bá sunkún dé ṣọ́ọ̀bù pé ọ̀kan ti lọ, a kì í dá èyí tó kù yà. A ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, a ó gbé ọmọ náà sápá kan, a ó yà á. A ó sún páálí sí ìdajì kejì, a ó gbé ọmọ náà sí apá kejì, a ó tún yà á sórí fíìmù kan náà. Ọmọ méjì ló máa jáde. Ìyá á gbé e relé, kò sì sẹ́ni tó máa bi í ní ìbéèrè kankan. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Táyéwò ti ṣe é fún àwọn ìyá, ní Èsìẹ́, ní Òwu-Ìsin, títí dé Bàbáńlá. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé òun ni òun ó ṣe ìkejìlá fún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò fẹ́ léǹsì tó ń mì. Bó bá fi ìwọ̀n fọ́nrán irun kan yẹ̀ kí ẹ tó yà á lẹ́ẹ̀kejì, àga á là sí méjì, ẹni tó dúró àti ẹni tó jókòó kò ní pàdé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣí dúróọ̀. Ó gbé tábìlì síta níwájú ṣọ́ọ̀bù nítorí ìmọ́lẹ̀, ó tẹ́ aṣọ funfun sí i, ó sì ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà. Òrùka irin kan wà nínú lọ́hùn-ún tó di ìdí léǹsì mú, tó ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín méjì lára. Òun ló ti tú. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yí i kò sí lọ́jà kankan ní Kwara; Kẹ́hìndé ló ṣe tirẹ̀ fún un ní ọdún 1984, ó pọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ńpáàsì ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ títí ó fi wọ inú ihò náà. Táyéwò tì í bọ ihò náà, ó rọra yí i. Ó tún yí i. Léǹsì náà dúró gbọin.

Ẹlòmíràn á ti pariwo pé ó parí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í kánjú. Ó fi sẹ́lótéèpù tó ṣú díẹ̀ dí ibi tí fíìmù máa ń wà, kó lè rí ohun tí fíìmù máa rí, ó yí kámẹ́rà sí ibi tí ojú rẹ̀ á wà ní ṣíṣí, ó dojú rẹ̀ kọ igi máńgòrò tó wà lódìkejì títì. Igi náà yọ lára sẹ́lótéèpù, ó dorí kodò bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣú bàìbàì. Nínú ihò ìwòran, igi méjèèjì ti wọnú ara wọn pátápátá. Ihò ń wí ọ̀tọ̀, léǹsì ń wí ọ̀tọ̀. Ó tú u. Ìgbà náà ló tó rí i pé òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó máa ń wà lábẹ́ léǹsì, tó ń jẹ́ kó jìnnà sí fíìmù níwọ̀n tó yẹ, ti fọ́. Ó ti ní láti fọ́ lọ́jọ́ pósí yẹn.

Ó mú agolo mílíìkì kan tó ti mu tán, ó sọdá sí ọ̀dọ̀ Wosilat, aránṣọ tó wà ní iwájú rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Lubabah.

"Ìyá Lubabah, yá mi ní sísọ́ọ̀sì rẹ."

Wosilat wo agolo, ó wo ojú rẹ̀. "Bàbá Bọ́lánlé, ẹ fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé léèsì gé agolo? Wàláì, ẹ ó kọ́kọ́ gé mi."

"Nítorí Kẹ́hìndé ni."

Ó ti sọ ọ́ kó tó mọ̀. Wosilat fa àpótí yọ nísàlẹ̀ máṣíìnì, ó mú ògbólógbòó sísọ́ọ̀sì kan jáde, ó sì fi òróró máṣíìnì díẹ̀ kùn ún. Òrùka mẹ́rin ni Táyéwò gé kí ìkan tó ṣe rẹ́gí. Èkíní nípọn jù, èkejì ya, ẹ̀kẹta bọ́ sílẹ̀ tí kò rí i mọ́. Nígbà tó fi ẹ̀kẹrin sí i, tó tún dì í, gbogbo ewé máńgòrò lódìkejì yọ lára sẹ́lótéèpù ní ìkọ̀ọ̀kan. Ó yíjú láti pe Kẹ́hìndé wá wò ó. Àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣófo. Ó kó irinṣẹ́ wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, ó gba fíìmù kan ṣoṣo tó kù láyé rẹ̀ nínú fíríìjì Wosilat, níbi tó ti wà láàárín ọ̀rá omi tútù láti ọdún mẹ́ta. Kò sí bí ẹni tó wà níwájú kámẹ́rà ṣe lè wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà Wosilat ló máa di páálí mú. Táyéwò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀. Ó kọ́ ọ dáadáa: kó ṣí ojú kámẹ́rà, kó ka ení dé ẹẹ́wàá, kó fi ìdérí léǹsì bò ó, kó sún páálí, kó tún ṣí i, kó tún kà á.

"Kí ẹ sì má mira," ni Wosilat wí, bí ẹni pé òun ló ni iṣẹ́.

Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ̀rín pa Wosilat nígbà tó kà dé eéje. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbàgbé páálí. Táyéwò bú u, ó bú u padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, Táyéwò gẹ fìlà sí òsì, ó sì jókòó sórí àga Kẹ́hìndé, ó sinmi lé ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì, etí àga ló jókòó sí, bí àlejò. Àga náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn gan-an. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìgbádùn tí ọkùnrin yìí ti ń jẹ láti ọdún 1979 nìyí! Ó na ẹsẹ̀. Wosilat ka ẹẹ́wàá, ó bo ojú kámẹ́rà. Táyéwò dìde, ó gẹ fìlà padà sí ọ̀tún, ó dúró síbi àmì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga, ó gbé àgbọ̀n sókè. Nígbà tí Wosilat kà dé ẹẹ́ta, omi ti ń bọ́ lójú Táyéwò, ṣùgbọ́n kò mira.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ní Ìlọrin ti kógbá wọlé, nítorí náà ó fi í rán awakọ̀ kan sí Bọ́lánlé ní Èkó. Ó pè é lórí fóònù pé fíìmù kan ń bọ̀, fọ́tò kan ṣoṣo ló dáa níbẹ̀, kó bá òun tẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Bọ́lánlé wà nínú mọ́tò tó ń lọ síbi iṣẹ́, kò ráyè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá náà kò ṣàlàyé. Bí èèyàn á bá máa ṣàlàyé òkú fún ẹni tó wà nínú mọ́tò, ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń lọ sí gáréèjì lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí àpò ìwé náà dé, kò lè mú sùúrù délé, ó fà á ya létí títì. Fọ́tò náà tóbi, ó mọ́ kedere, iṣẹ́ léǹsì náà péye débi pé okùn ẹ̀gbẹ́ fìlà ṣeé kà. Ọkùnrin kan ló jókòó síbẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó gẹ fìlà sí òsì. Kò sí ẹni tó dúró tì í. Ògiri lásán ló wà níbẹ̀.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù kó tó lè tẹ nọ́ńbà Bọ́lánlé.

"Dádì! Ṣé ẹ ti rí i? Ẹ rí bẹ́ ẹ ṣe rẹwà!"

"Ẹnì kejì ńkọ́?"

"Ẹnì kejì wo? Áà, ìyẹn. Fíìmù yín ti pẹ́ jù, Dádì, fọ́tò méjì gun ara wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ yọ. Mo ní kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yọ ìkan kúrò. Èyí tó jókòó yẹn ló dà bí àgbà, òun ni mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀. Mo tẹ ìkan pamọ́ sọ́dọ̀ èmi náà."

Ohun tí àwọn ọmọ ń tọ́jú fọ́tò àgbàlagbà tó dáa pamọ́ fún, kì í ṣe nǹkan tí àgbàlagbà kò mọ̀.

"Fíìmù rẹ̀ dà?"

"Wọ́n ní àwọn kì í dá a padà, wọ́n á ti dà á nù. Dádì? Ṣé mo ṣe nǹkan ni?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Táyéwò gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú. Lórí ẹ̀yìn àga, ìka mẹ́rin wà níbẹ̀. Ọmọ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà ti pa apá rẹ́, ó pa èjìká rẹ́, ó pa orí rẹ́, kò rí ìka. Ìka Táyéwò ni. Ẹni tó jókòó, tó gẹ fìlà sí òsì, Kẹ́hìndé ni. Òfin ìyá wọn ti yẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé kọ́ ni wọ́n yọ. Òun ni wọ́n yọ.

"O kò ṣe nǹkan, ọmọ mi," ló wí fún Bọ́lánlé. "Ó dáa. Ó jọ ọ́ gan-an. Kí ìyá rẹ fún mi."

Ó pa fóònù. Ó wá férémù kan, ó fi fọ́tò náà sí i, ó nu gíláàsì rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sórí ìṣó kẹrìndínláàádọ́ta. Ó ṣe rẹ́gí. Ó sún sẹ́yìn wò ó. Lẹ́yìn náà, ó lọ síbi ògiri, ó dúró sí apá ọ̀tún férémù náà gbágbáágbá, ó gẹ fìlà sí ọ̀tún, ó gbé ọwọ́ sókè títí ìka rẹ̀ fi kan etí férémù, ó sì gbé àgbọ̀n sókè.

Ibẹ̀ ni Wosilat bá a nígbà tó gbé àwo ẹ̀wà kan wọlé fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo fọ́tò, ó wo bàbá náà.

"Bàbá Bọ́lánlé, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"À ń ya fọ́tò."

Wosilat kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé àwo náà sílẹ̀ lórí àga tó ṣófo.

"Ẹ má mira o," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Ení. Èjì. Ẹ̀ta."